Kí ẹ tó lọ sí Shinjuku, ẹ mọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde

Kò sí àlejò tó ti ilé wá bá mi ní Tokyo tí kì í fẹ́ rí àdúgbò Shinjuku. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn “ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Shinjuku”. Ọdún 1885 ni wọ́n ṣí i, kò sì sí ibùdó tí èrò ń wọ́ tó o ní gbogbo ayé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 èèyàn ló ń gbabẹ̀ kọjá lójúmọ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì lé ní 200. Èèyàn méjì lè wà níbẹ̀ kí wọ́n máa pe ara wọn títí tí bátìrì fóònù á fi kú. Orúkọ ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ dá: East Exit tàbí West Exit, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára pátákó gẹ́lẹ́.

Ibi tí ẹ bá gbà jáde ló máa sọ irú àdúgbò tí ẹ bá pàdé. Ọwọ́ ìwọ̀ oòrùn, ilé gogoro àti àwọn oníkóòtù ni. Ilẹ̀ yẹn, ibi tí wọ́n ti ń sẹ omi fún ìlú ni tẹ́lẹ̀, títí di 1965. Ilé ìjọba ìlú Tokyo tí Kenzo Tange yàwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ga ní mítà 243, ẹ sì lè gun àjà 45 lọ wo ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo wí o! Tójú ọjọ́ bá mọ́ nígbà òtútù, ẹ lè rí òkè Fuji.

Ìlà oòrùn ni ọjà wà, tí ẹ bá sì rìn síwájú díẹ̀, ẹ ti dé Kabukicho: ilé ọtí, ilé fàájì, iná aláràbarà. Mi ò ní kí ẹ má lọ. Àmọ́ àwọn ọkùnrin tó ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń pe èèyàn wọlé, ẹ má tẹ̀ lé wọn. Òfin kò fàyè gba irú ìpè bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń kìlọ̀ rẹ̀ ní títì. Owó tí wọ́n bá dá lé e níta kọ́ lẹ máa bá nínú bílì. Ọmọ ilẹ̀ wa wà lára wọn, kò yẹ ká máa fi pa mọ́. Tẹ́nì kan bá ní “ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá o”, ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè ará ilé, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Tẹ́ ẹ bá gba ibi tí kò yẹ jáde, ẹ má bínú. Láti 2020, ọ̀nà kan wà tó la inú ibùdó já láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọgbà Shinjuku Gyoen dára fún ẹni tó fẹ́ sinmi: 500 yẹ́ẹ̀nì ni, ẹ má gbé ọtí wọlé, wọn kì í sábà ṣí lọ́jọ́ Ajé. Èmi, Shin-Okubo ni mo fẹ́ràn jù, ibùdó kan péré sí Shinjuku lórí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Yamanote. Àwọn ará Kòríà ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀ àwọn Mùsùlùmí wà nítòsí, ibẹ̀ ni mo ti ń ra ẹran àgùntàn àti ata.

Ẹ máa wo aago o. Nǹkan bí aago kan òru, ọkọ̀ ojú irin ti parí, ó di bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Takisí sì ti fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó rẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́.