Ewúrẹ́ Sìn Wá Dé Ilé Àna

Ìyàwó mi ti ń wá ṣíbí méjì láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣíbí irin ni, èyí tó nípọn tí kì í tẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kó o fún un nígbà tó ń bọ̀ nílé ọkọ. Ó bi àwọn ìbejì léèrè, ó bi ọmọ aládùúgbò tó máa ń wá bá wọn ṣeré, ó kù díẹ̀ kó bi adìyẹ. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Ìyá Ìbejì, wo ẹ̀yìn àdògán, nǹkan máa ń já síbẹ̀." Bẹ́ẹ̀, mo mọ ibi tí ṣíbí wà bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní Adó. Owó oṣù olùkọ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́, ọ̀kadà mi sì mọ ọjọ́ tó máa ń wọlé. Ọjọ́ yẹn gan-an ló máa ń dákú. Bí mo bá tì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, á kọ́kọ́ mi orí, á pòṣé, á wá ka nǹkan mẹ́rin tó bàjẹ́ fún mi, nígbà tó jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì nìkan ló dọ̀tí. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo búra pé n ó máa ṣe é fúnra mi.

Mo wá sọ fóònù di ọ̀gá mi. Lálaalẹ́ ni mo ń wo àwọn òyìnbó tí wọ́n dá gun alùpùpù la aṣálẹ̀ kọjá, tí wọ́n di àgọ́, ìkòkò àti irin iṣẹ́ sẹ́yìn, tí ohunkóhun kì í bà wọ́n lẹ́rù. Ká má parọ́, mo rí nǹkan kọ́. Mo mọ̀ pé bí táǹkì epo bá ń jò lójú ọ̀nà, ọṣẹ ìfọṣọ ni kí èèyàn rin mọ́ ojú ibẹ̀, nítorí epo kì í yọ́ ọṣẹ bí omi ṣe ń yọ́ ọ. Mo mọ̀ pé kílíìpù tó so ṣéènì pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó dí ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ṣéènì ń sáré lọ. Ẹni tó bá fi ẹnu rẹ̀ tó là síwájú, ọjọ́ kan ni yóò bá ṣéènì rẹ̀ nílẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni mo fi ń fọ̀ ọ́, ọ̀kadà á sì dáhùn. Ibẹ̀ ni orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Kò wá mọ sórí ọ̀kadà mọ́. Mo tún ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ṣe. Ó ṣì ń jò, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń gbà jò báyìí. Bàtà mi yanu ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kan bí mo ṣe ń jó lọ síbi ọrẹ, n kò gbé e lọ fún ṣọbàtà. Mo ra ìṣó wẹ́wẹ́, mo jókòó síwájú ilé níbi tí mo máa ń gbé ọ̀kadà sí, mo kàn án fúnra mi. Ìṣó dànù díẹ̀, mo ṣa èyí tí ojú mi rí. Ìyá Ìbejì yí bàtà náà padà, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí, ó ní, "Ẹnu ọ̀nì nìyí."

Ike ọ̀dà lítà mẹ́rin ni mo sọ di àpótí irin iṣẹ́. Sípánà wà níbẹ̀ láti orí mẹ́jọ dé mọ́kàndínlógún, púláyà, wáyà, tépù dúdú, ọṣẹ, sáńpépà, súlúṣọ̀n tí wọ́n fi ń lẹ túùbù, rọ́bà túùbù tí mo gé wẹ́wẹ́, àti pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ tó ń yọ lókè bí ọrùn àkùkọ. Ohun kan ló kù, irin tí wọ́n fi ń ṣí táyà kúrò lára ríìmù. Mo béèrè iye rẹ̀ lọ́jà, mo sì dákẹ́. Àwọn òyìnbó inú fídíò wọ̀nyẹn, ṣíbí ni àwọn fúnra wọn ń pe irin náà lédè wọn. Èmi kàn ṣe bí wọ́n ṣe wí ni.

Ọjọ́ Sátidé kan, bàbá ìyàwó mi ránṣẹ́ pé iṣu tuntun ti jáde, kí àwa méjèèjì wá jẹ iyán ní Ìkògòsì. A fi àwọn ìbejì sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìyá Ìbejì wọ àǹkárá tuntun, ó gbé búrẹ́dì lé itan. Èmi so ike ọ̀dà mi mọ́ ẹ̀yìn. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀dà ṣe nílé bàbá mi?" Mo ní kó jókòó dáadáa.

A kọjá Ìyìn, a kọjá Ìgèdè. Kò pẹ́ lẹ́yìn Ìgèdè ni ìdí ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà: táyà ẹ̀yìn ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, inú mi dùn! Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń retí ọjọ́ náà.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká tì í padà sí Ìgèdè. Mo rí ẹni tó ń lẹ táyà níbẹ̀."

"Tì kí ni? Jókòó sábẹ́ igi yẹn, kí o máa wòran."

Mo gbé ọ̀kadà sórí ẹsẹ̀ méjì, mo tú nọ́ọ̀tì, mo fa irin àárín yọ, mo ṣí ṣéènì kúrò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo nawọ́ sínú ike láì ronú, mo fa ṣíbí méjèèjì yọ, mo ki wọn bọ ẹ̀gbẹ́ táyà.

Abẹ́ igi dákẹ́.

"Bàbá Ìbejì."

"Hẹn?"

"Kí ló wà lọ́wọ́ yín?"

Mo wo ọwọ́ mi bí ẹni pé èmi náà kò mọ̀. Mo ní, "Irin iṣẹ́ ni." Ó dìde, ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìyá rẹ̀ ti fi ìṣó ha àmì kékeré sídìí ṣíbí náà kó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Àmì náà ń wo àwa méjèèjì. Ó ní, "Ẹ̀yìn àdògán, àbí?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó padà sábẹ́ igi. N bá fẹ́ràn kó bú mi.

Mo gbájú mọ́ṣẹ́. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí túùbù, mo gbé e sétí, mo fi itọ́ pa á lára títí mo fi rí ibi tó ń hó. Mo fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀, mo fi súlúṣọ̀n pa á, mo sì dúró kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí n tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi kánjú lẹ ẹ́ ní tútù, á yọ́ kúrò ni. Gbogbo rẹ̀ gún régé. Mo fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ títí apá mi fi kú, táyà sì le. Ìyá Ìbejì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé o." Bí mo ṣe gun ọ̀kadà yẹn, ẹ ó rò pé ọkọ̀ òfuurufú ni mo fẹ́ wà.

A kò tíì dé Àrámọkọ tó tún lẹ̀.

"Ṣé ẹ yẹ inú táyà wò?"

"Ìyá Ìbejì, inú túùbù ni afẹ́fẹ́ wà, kì í ṣe inú táyà."

Ẹ wo ìdáhùn olùkọ́! Mo tún un tú, mo tún un lẹ̀. Ihò tuntun náà kò jìnnà sí ti àkọ́kọ́ rárá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ara wọn, n kò sì bi ara mi pé kí ló dé. Wọ́n ní kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní Èkìtì wa yìí, àmọ́ ọ̀kankan nínú wọn kò kọjá lọ́nà náà lọ́jọ́ yẹn.

Ní Àrámọkọ, a kọjá níwájú ẹni tó ń lẹ táyà, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń ké kútúkútú. Ìyá Ìbejì fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún gbá mi. Mo ní atẹ́gùn pọ̀ létí mi. Ká tó rí òkè Èrìjìyàn, táyà tún ti lẹ̀, ìgbà tí mo sì fa súlúṣọ̀n jáde, ó ti gan. N kò dé e lẹ́ẹ̀kejì.

Ibẹ̀ ni mo rántí ẹ̀kọ́ kan tí mo ti rí nínú fídíò. Bí túùbù bá bàjẹ́ tí èèyàn wà láàárín igbó, yóò rọ koríko kún inú táyà gírígírí, yóò sì rọra máa gùn ún lọ. Òótọ́ ni, kì í ṣe àròsọ; ó máa ń gbé èèyàn dé ibi tó súnmọ́. Ohun tí wọn kò sọ fún mi ni iye koríko tó ń gbà. Mo já koríko títí ọwọ́ mi fi bó, táyà ṣì ń béèrè. Ewé ọ̀dùnkún kan wà létí oko tó tutù yọ̀yọ̀. Mo bẹ olóko tó ń kọ ebè níbẹ̀, ó ní kí n já a. Ó wo ibi tí mo ń kó o sí, ó wo ìyàwó mi, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú o."

Ọ̀kadà rìn! Ó ń dún féé-féé-féé, ó ń fì bí ọ̀mùtí, àmọ́ ó rìn. Èmi ń gùn ún ní jíà kìíní, Ìyá Ìbejì ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kì í sáré, kì í sì í gbẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí ojú táyà gbóná, òórùn ewé bíbọ̀ sì ta. Ewé ọ̀dùnkún ti ń yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí irùngbọ̀n.

Nígbà tí a wọ Èrìjìyàn, ewúrẹ́ kan gbórí sókè. Mo rí i, n kò kà á sí. Ó tẹ̀ lé wa, ó fa ewé kan yọ, ó jẹ ẹ́. Ó pe ọmọ rẹ̀. Òmíràn jáde láti ẹ̀yìn ilé. Mo fẹ́ sáré, táyà kò gbà. Mo fun fèrè, wọ́n rò pé à ń pè wọ́n sí i. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tẹ̀ lé wa, màmá àgbà kan tó ń sá èlùbọ́ gbọ́wọ́ lérí, ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ṣé ẹ̀ ń dà wọ́n lọ ọjà ni?" Àwọn tó mọlé yà nígbà tí ìlú tán, ṣùgbọ́n mẹ́ta kò padà. Ewé inú táyà ń dín, koríko ń dín, wọ́n ń jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń gùn ún. Ó ku díẹ̀ ká wọ̀lú ni mo sọ̀ kalẹ̀, tí mo ń tì í.

Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì ti rí bí omi gbígbóná àti omi tútù ṣe ń ṣàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì pàdé láì jà. Èmi àti ìyàwó mi náà wọ̀lú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òun níwájú, èmi àti ewúrẹ́ lẹ́yìn. Kò sí èyí tó tutù nínú wa.

Bàbá ìyàwó mi wà lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú gírísì títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá kí mi, wọ́n kí ọmọ wọn, wọ́n wo ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Àna mi, o kò bá tí ṣe wàhálà. Ẹyọ kan ti tó."

Mo ṣàlàyé. Bàbá ti gun kẹ̀kẹ́ lọ oko fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n tú táyà, wọ́n gbọn ìyókù koríko dànù fún àwọn àlejò mi, wọ́n sì rọra fi ìka yí inú táyà ká. Ìka náà dúró. Wọ́n fi púláyà mi fa nǹkan kan jáde, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Èyí ló ń lu túùbù rẹ láti àárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ túùbù, inú táyà ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ wò." Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "Ìṣó bàtà ni. Níbo lo ti tẹ ìṣó bàtà?"

Mo ní ojú ọ̀nà kò dára, oríṣiríṣi nǹkan làwọn èèyàn ń dà síbẹ̀. Ìyá Ìbejì kò sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sókè bí ẹni tó fẹ́ fi bàtà fún ẹṣin, ó yí ẹnu ọ̀nì náà sí bàbá rẹ̀. Bàbá gbé ìṣó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Mo ti rí ẹni tó rẹ́rìn-ín rí, àmọ́ n kò rí àgbàlagbà tó di òpó mú kó tó lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe ará ilé kejì. Ará ilé kejì pe ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí mo fi fọ ọwọ́ mi tán, ìṣó náà ti wà nínú ìdérí ìgò lórí tábìlì, wọ́n ń fi han ẹni tó ń kọjá.

Ìyá ìyàwó mi ló gbà mí sílẹ̀. Màmá gbé uyán jáde, ó funfun, ó ń yọ èéfín, ẹran ìgbẹ́ wà lórí ọbẹ̀. Gbogbo wa jókòó. Mo bu òkèlè kìíní, ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rọ̀, ni Màmá bá gbójú sókè wo ọmọ wọn.

"Àní, àwọn ṣíbí tí mo fún ọ yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń lò dáadáa?"

Ìyá Ìbejì rọra gbé òkèlè rẹ̀ mì. Ó kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ìgèdè.

Mo ti na abọ́ mi síwájú. "Màmá," mo ní, "ọbẹ̀ yìí mà dùn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù sí i."