Ẹ Má Tíì Pa Ilẹ̀kùn Mọ́tò Yẹn Dé

Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi okùn so ilẹ̀kùn dẹrẹ́bà mọ́ ìdí àga mi. Bí mo bá pa á dé, á tún ta padà. Lọ́jọ́ kan, lórí Third Mainland Bridge, okùn tú, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá Ìbejì, tí a bá ti dé Adékúnlé, ẹ jẹ́ kí n sọ̀. Màá wọ dánfó."

Mo kọ́kọ́ rò pé gíríìsì inú lọ́ọ̀kì ló gbẹ. Ibẹ̀ náà ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀: ẹ fín WD-40, òróró inú agolo tí a ń fín, sí i lẹ́nu, bóyá eruku lásán ni. Tó bá sì jẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni, tí kò ṣí láti inú àmọ́ tó ń ṣí láti ìta, ẹ wo kinní kékeré tí wọ́n fi ń ká ọmọdé lọ́wọ́ kò létí ilẹ̀kùn kí ẹ tó náwó. Tèmi, sípíríǹgì inú lọ́ọ̀kì ló kán.

Mo gba Ládípọ̀ lọ, ọjà páàtì mọ́tò ní Mushin, láti ra lọ́ọ̀kì mìíràn. Ọmọkùnrin tó ń tajà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ti dẹrẹ́bà àbí ti èrò?" Mo ní lọ́ọ̀kì ni gbogbo wọn. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ti ọ̀tún kì í wọ òsì, ti iwájú kì í wọ ẹ̀yìn. Ẹ tú ti àtijọ́, kí ẹ mú un dání lọ, kí ẹ sì fi ojú wáyà wọn wéra.

Títú rẹ̀ kò le. Ẹ gbé gíláàsì sókè pátápátá. Síkúrù wà lẹ́yìn ọwọ́ tí a fi ń ṣílẹ̀kùn nínú, ó tún wà níbi tí a ti ń fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Kílíìpù ló di ìyókù pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tó bo inú ilẹ̀kùn, mú. Ẹ yọ wáyà wíńdò. Ẹ má fa ọ̀rá tó wà lábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ya o, òun ni kì í jẹ́ kí omi òjò wọ inú mọ́tò. Síkúrù mẹ́ta tó di lọ́ọ̀kì mú sábà máa ń jẹ́ olójú ìràwọ̀. Sukudíráfà lásán á jẹ ẹ́ lójú. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ọ̀pá àti okùn irin inú ibẹ̀ kí ẹ tó tú wọn.

Èmi ò yà á. Mo de gbogbo ẹ̀, inú mi dùn, mo gbá ilẹ̀kùn dé. Gbàm! Kò ṣí mọ́, látinú, látìta. Mo ti gbàgbé láti fi ọ̀pá ọwọ́ ìta há kílíìpù rẹ̀, okùn ti inú náà ò sì jókòó dáadáa. Mo gba ẹnu ọ̀nà èrò wọlé, mo sì fi ìlọ́po wákàtí tí mo fi dè é tú pánẹ́ẹ̀lì nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Nítorí náà, kí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ fi sukudíráfà ti ẹnu lọ́ọ̀kì títí á fi ké "kọ̀" lẹ́ẹ̀mejì, bíi pé ilẹ̀kùn ti dé. Ẹ fa ọwọ́ ìta: ó gbọ́dọ̀ tú sílẹ̀. Ẹ tún tì í, ẹ fa ti inú. Ẹ tún tì í, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í, kí ẹ sì ṣí i. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kí ẹ tó dá pánẹ́ẹ̀lì padà.

Kílíìpù mẹ́ta ló kán mọ́ mi lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Títí di òní, tí mo bá já sí kòtò, pánẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń dún wàràkà.