Èdè tí èèyàn gbọ́ yàtọ̀ sí èdè tó lè fi sunkún

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá ṣe nọ́ọ̀sì ní Nọ́wè, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ńsì, mo kí yín o. Oṣù yìí ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ní Finnmark, ní òkè àríwá pátápátá. Ìdánwò èdè àti ìwé àṣẹ, ẹ ti mọ ìyẹn, mi ò ní sọ ọ́. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa bi mí pé, "Àǹtí, màmá Sámì yìí mà ń sọ èdè Nọ́wè dáadáa, kí la tún fẹ́ fi ògbufọ̀ ṣe?" Àyà mi já. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu èmi náà jáde nígbà kan nìyẹn.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ onílé. Àwọn Sámì ti wà níbí kí wọ́n tó pààlà sáàárín Nọ́wè, Sweden, Finland àti Rọ́ṣíà. Èdè wọn ò bá ti Nọ́wè tan rárá, ti Finland ló bá tan, kì í sì í ṣe ẹyọ kan: Sámì ti àríwá yàtọ̀ sí ti Lule, ti Lule yàtọ̀ sí ti gúúsù. Tẹ́ ẹ bá ń pe ògbufọ̀, ẹ bèèrè èwo. Ẹ má sì rò pé gbogbo wọn ló ń da ẹran, àwọn tó ń dà á ò pọ̀.

Èkejì, òfin wà. Òfin Sámì ti 1987 àti abala èdè tí wọ́n fi kún un fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èdè rẹ̀ ní àwọn agbègbè tí òfin náà dárúkọ. Òfin ògbufọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀. Ibi tó wà fún ìlera ọpọlọ àwọn Sámì ní gbogbo Nọ́wè, SANKS ni wọ́n ń pè é, Karasjok ló wà, ẹ pè wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kọ báyìí, ṣùgbọ́n kò ṣeé kọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Bàbá kan ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, reindeer ló fi gbogbo ayé rẹ̀ dà, àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín, bí àwọn Fúlàní ṣe ń da màlúù. Wọ́n gbé e wá torí kò jẹun mọ́, kò sì sùn. Màá bi í ní èdè Nọ́wè pé ṣé inú rẹ̀ ò dùn ni, á wo fèrèsé títí, lẹ́yìn náà á ní "ó ń lọ." Mo bi í bóyá ó ń ro ikú, kò dáhùn. Mo kọ ọ́ sí fáìlì pé kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Nígbà tí mo dárúkọ ògbufọ̀, ọ̀gá mi ní bàbá yẹn lọ iléèwé, ó gbọ́ èdè Nọ́wè, kí n má náwó dànù. Ó ṣì ń dùn mí sí ọ̀gá yẹn títí dòní, àmọ́ kì í ṣe òun ló kọ fáìlì, èmi ni, mo sì wá ń sọ ohun tó sọ fún àwọn ẹlòmíì bí ẹni pé ọgbọ́n ni.

A máa ń gbọ́ ohùn bàbá lóru. Ọjọ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá kí i, ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré, mo ní kó bá mi bi í kí ló ń ṣe. Ọmọ náà ní, "Ó ní àbúrò òun tó kú máa ń wà lọ́dọ̀ òun lóru." Mo kọ ọ́: ó ń gbọ́ ohùn òkú. Dókítà kà á, wọ́n fi oògùn kún oògùn. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, bàbá tó ń dá rìn ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ohùn òru yẹn dákẹ́, àwa sì ń sọ pé ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Sámì kan ló wá gbaṣẹ́ fún ẹnì kan lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò mú ìwé dání. Ó jókòó tì í, ó bi í ọmọ ta ni, inú siida wo ni wọ́n ti bí i, ìyẹn àwọn ìdílé tó jọ ń da ẹran, òun náà sọ ọmọ ẹni tóun jẹ́. Wọ́n dákẹ́ pa pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà bàbá sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì.

Joik, orin ìbílẹ̀ àwọn Sámì, ló ń ṣe lóru. Wọn kì í joik nípa èèyàn, èèyàn yẹn gan-an ni wọ́n ń joik, tí ẹni tí kò sí nítòsí á fi dà bí ẹni tó wà nítòsí. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, tí ìyá yín bá jí lóru tó ń ki oríkì bàbá yín tó ti kú, tó ní òun rí i dúró níwájú òun, ṣé oògùn wèrè lẹ máa fún un? Nínú gbogbo àwa tá a wà ní wọ́ọ̀dù yẹn tá ò gbọ́ Sámì, èmi ló yẹ kó tètè yé, torí mo mọ oríkì, èmi náà ni mo sì kọ ọ́ bí àìsàn.

Bàbá ti ń ro ikú lóòótọ́. Kò lè sọ ọ́ lójú ọmọ-ọmọ rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ ní èdè Nọ́wè. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sí iléèwé tí wọ́n ń sùn síbẹ̀, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Nọ́wè kan ṣoṣo, tó bá sì sọ Sámì wọ́n á nà án. Ó ní èdè tí òun fi ń dá olùkọ́ lóhùn ni èdè Nọ́wè. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di nǹkan bí 1960 ni ìjọba ti fi iléèwé ṣe é kí Sámì lè di ará Nọ́wè. Èmi náà ti kúnlẹ̀ rí ní praimárì torí mo sọ vernacular, pátákó wà lọ́rùn mi, torí náà mi ò ní àwíjàre. Nígbà tí ilé aṣòfin Nọ́wè tọrọ àforíjì ní November 2024, bàbá yẹn ni mo rí lójú mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ má bi wọ́n pé "ṣé o gbọ́ èdè Nọ́wè?" Ẹ bi wọ́n èdè wo ni wọ́n fi ń bá òkú wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Ọ̀pọ̀ Sámì ló sì wà tí wọ́n ti gba èdè lẹ́nu àwọn òbí wọn, tí wọn ò gbọ́ ọ mọ́, ẹ má bi wọ́n kí ló fà á, ojú egbò nìyẹn.

Wọ́n dín oògùn bàbá kù, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀, ó yè. Ọjọ́ tó ń lọ, ó bọ nọ́ọ̀sì Sámì yẹn lọ́wọ́, ó bọ obìnrin tó ń nu ilẹ̀ lọ́wọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo lọ tún ohun tí mo kọ ṣe. Fáìlì aláìsàn níbí, wọn kì í sábà pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀, àtúnṣe lẹ máa kọ sábẹ́ ti àkọ́kọ́. Méjèèjì wà níbẹ̀, orúkọ mi ló wà lábẹ́ méjèèjì.