Èènì Àlejò

Mi ò tíì mu ògì tán ní òwúrọ̀ òní tí dátà mi fi tán. Mo tẹ *312# láti ra òmíràn, iye tí ó ti mọ́ mi lára sì jáde sójú fóònù. Kí n tó fọwọ́ sí i ni fóònù màámi dún lórí tábìlì. Fóònù alátọ́ọ̀ṣì ni, kò lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, síbẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó wọlé sí i ń bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá lè fi 500 náírà péré ra dátà, ìlọ́po méjì ohun tí èmi ń rí gbà lórí 500 náírà kan náà ni wọn yóò fún wọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni èmi àti màámi jọ ń lò.

Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń lo nọ́ńbà mi. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa so NIN mọ́ síìmù, inú oòrùn ni mo tò sí kí nọ́ńbà yìí má baà kú. Mo pe 300, nọ́ńbà tí oníbàárà fi ń bá iléeṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ orin fún ìgbà pípẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ni ó ń yan ẹni tí ẹ̀dínwó tọ́ sí, àti pé àwọn tí kò ra nǹkan láti ìgbà pípẹ́ ni ó sábà máa ń wá kiri. Mo bi í bóyá èmi náà yóò di ẹni ẹ̀dínwó tí n kò bá ra dátà fún oṣù mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Kì í ṣe ọ̀wọ́n gan-an ni ó ń dùn mí. Ní oṣù Kíní ọdún 2025, nígbà tí NCC, àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n kí àfikún náà má kọjá ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n béèrè ju ìlọ́po méjì lọ, mo kùn bí gbogbo ènìyàn ṣe kùn. Síbẹ̀ mo gbọ́ àwíjàre wọn pé láti ọdún 2013 ni iye náà ti wà lójú kan, nígbà tí owó epo dísù tí wọ́n ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ ìdí òpó wọn kò dúró níbì kan. Èmi náà ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí ó bá sì rántí ọdún 2001, tí a ń san 50 náírà fún ìṣẹ́jú kan, tí ẹni tí ó kàn kí ènìyàn "ẹ káàárọ̀" yóò san owó odindi ìṣẹ́jú, kò ní pe ti òní ní olórí ìyà.

Ohun tí ó ń dùn mí ni ọjà tí ẹnìkan kò mọ iye tí ẹnìkejì rà á, tí kò sì sí ẹni tí a lè ná an lọ́wọ́ rẹ̀.

Màámi ta gaàrí ní ọjà Bódìjà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó dá wọn dúró sílé. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí wọn létí.

"Ta ni wọ́n ń bu èènì fún?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ̀yin ni, Màámi, nítorí pé ẹ kì í rà."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní àlejò tí ó bá kọ́kọ́ yà sí ìsọ̀ àwọn a máa gba ẹ̀kúnwọ́ kan lórí kóńgò, kí ó lè padà wá, ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ méjì ni ti oníbàárà, "torí òun ló ń bọ́ mi."

Mo tọrọ síìmù wọn, mo fi í sínú ihò kejì fóònù mi, mo sì ra dátà oní-500 náà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo tún tẹ *312# lórí síìmù náà láti wò ó bóyá ẹ̀dínwó ọ̀hún ṣì wà. Iye tèmi ni ó jáde.