Mo dá rin ewùrà lónìí

Ẹ jẹ́ n fọ́nnu díẹ̀ ná kí n tó sọ nǹkan míì. Lónìí mo dá rin ewùrà, kò sẹ́ni tó bá mi di nǹkan kan mú, mo sì fi se ìkọ́kọrẹ́ táwọn ọmọ jẹ tí wọ́n ń lá abọ́. Ẹni tó bá mọ ewùrà mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ méjì ni, ọwọ́ kan á di gíréètà mú, ìkejì á máa fi iṣu ha á, iṣu yẹn sì máa ń yọ̀ débi pé tó bá ti bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ báyìí abẹ́ àga lo máa ti lọ wá a. Èmi tí wọ́n gé apá ọ̀tún mi lókè ìgunpá, ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ ṣe ìyẹn.

(Ẹ má bi mí léèrè ìjàm̀bá ọkọ̀ yẹn o. Ojú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin ni, ó ti ṣẹlẹ̀, mo ti rò ó fún gbogbo ẹni tó wá kí mi títí tó fi sú mi.)

Bọ̀ọ̀dá káfíńtà àdúgbò wa ló bá mi yanjú ẹ̀. Ó bá mi wá pákó kan tó nípọn dáadáa, ó gba ìṣó méjì láti abẹ́ ẹ̀ tí ẹnu wọn yọ sókè, irú ìṣó tí kì í dógùn-ún yẹn, mo kàn máa gún iṣu mọ́ ẹnu ìṣó ni, kò lè sá lọ síbì kankan mọ́, mo wá ń fi ọ̀bẹ bẹ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Ó kan gíréètà mọ́ apá ìsàlẹ̀ pákó kan náà, mo gbé e dagun sínú bàsíà, mo fi orúnkún méjèèjì há bàsíà, mo tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ ẹ̀ kó má máa rìn kiri, mo bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an ni. Ibi tó le jù ni ìgbà tí iṣu bá ti kéré tí ìka fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kan gíréètà, èmi ò sì ní ìka tí mo fẹ́ fi ṣeré mọ́, gbogbo kékeré tó ṣẹ́kù wọ̀nyẹn mo jù wọ́n sínú ìkòkò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n jinná pẹ̀lú ẹja gbígbẹ.

Iná sísè ò ní wàhálà, èèyàn á ti fi ata àti epo àti edé àti pọ̀nmọ́ sí i, á wá máa ju ewùrà sí i ní wóró wóró, kò sì ní í rò ó kíákíá kó má baà di ọ̀kan. Ṣíbí kan ò gba ju ọwọ́ kan lọ. A fi ẹ̀bà tútù gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Àmọ́ ẹni tí iṣẹ́ òní le fún jù kì í ṣe èmi, Màmi ni. Màmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ń wò mí. Tẹ́lẹ̀, kí n tó gbé ọ̀bẹ wọ́n á ti gbà á. Kí n tó ṣí ìgò omi wọ́n á ti bá mi ṣí i, tí n bá sọ pé ẹ jẹ́ n gbìyànjú ẹ̀ ná wọ́n á ní ṣé kí ojú àwọn máa rí kí n máa jìyà ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó dé ìgbà kan tí mo wo ara mi tí mo rí i pé kò sí nǹkan kan tí mò ń ṣe nínú ilé yẹn ju kí n máa kí àwọn èèyàn pé ẹ ṣé. Ẹ ṣé níbi aṣọ, ẹ ṣé níbi oúnjẹ, ẹ ṣé níbi ìwẹ̀. Ẹni tó ń dúpẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ á rẹ̀ ẹ́ o, kódà tí kò bá ṣe iṣẹ́ kankan. Torí náà lónìí mo bẹ̀ wọ́n kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀, mo ní Màmi ẹ jọ̀ọ́, bó bá gbà mí dalẹ́ ẹ jẹ́ n ṣe é. Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, wọ́n jókòó lé e. Ìgbà tí iṣu bọ́ lọ́wọ́ mi tó yí lọ bá wọn níbi ẹsẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọ́n kàn ń mi ẹsẹ̀ ṣáá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún lọwọ́ fi ń mọ́, àwọn àgbà ti wí tiwọn, wọn ò wá ro ti ẹni tó ní ẹyọ kan. Ta ló fẹ́ bá mi wẹ òsì? Kànìnkànìn ni. Mo so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ pa á, mo wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́ ra á lára bí ológbò tó ń fara ra ògiri. Abíyá òsì náà bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kànìnkànìn kan tí mo há sára ògiri balùwẹ̀ fún un. Èékánná ọwọ́ òsì, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi gé e, ìyẹn ni mo jẹ́ kó máa ṣe torí ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ ilé ìwé ẹ̀ tó bá ń gé e. Tí kò bá sí nílé mo lè gbé nail cutter sílẹ̀ kí n fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó kàn gba sùúrù ni. Ìró mi ti ní ẹlásítíìkì báyìí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì yìí ló wá kù. Nílé wa níbí, èèyàn ò kàn lè fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbàlagbà kó lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjà Òkè-Àjẹ́ mo ra ẹja lọ́wọ́ ìyá kan, wọ́n tẹrí sílẹ̀ wọ́n ń to ọjà wọn, owó tí mo nà sí wọn nìkan ni wọ́n rí, wọ́n pòṣé, wọ́n ní ọmọ ta nìyí tí wọn ò kọ́ nílé. Wọ́n wá gbójú sókè. Háà! Ẹ̀bẹ̀ tó tẹ̀ lé e pọ̀ ju èébú yẹn lọ, wọ́n fẹ́ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín ọjà, gbogbo èèyàn dúró ń wò, ojú ń tì mí fún wọn. Wọ́n bù mí lẹ́ja sí i, mo sì gbà á, mi ò lè parọ́.

Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà ni mo máa ń sọ pé ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni o. Mo sọ fún kasíà, mo sọ fún ọlọ́kadà, mo sọ fún ọmọdé tó wá ra súgà. Mo ti dẹ́kun ẹ̀. Tó bá jẹ́ àgbà, mo máa kúnlẹ̀ dáadáa kí n tó na ọwọ́, ohun tí ọwọ́ ọ̀tún fẹ́ sọ, ìkúnlẹ̀ yẹn ti bá a sọ ọ́. Bàbá kan tó sún mọ́ wa, ọmọ Òṣùgbó ni bàbá yẹn, ọwọ́ òsì sì ni àwọn fi ń kí ara wọn nínú awo, ìgbà tí mo na tèmi sí wọn wọ́n nà tiwọn náà, wọ́n ní ta ló mú ọ wọlé láìsọ fún wa? Àwàdà tó tù mí lára jù láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́sibítù nìyẹn.

Ti bánkì ò tu ẹnikẹ́ni lára. Sáìnì mi ò bá ti àtijọ́ mu, ó dájú pé kò ní í bá a mu, ọwọ́ tó sáìnì ti àtijọ́ ti lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní kí n gbìyànjú kó jọ ọ́ díẹ̀. Mo ní kó tún un sọ. Òfin wà fún irú èyí o, oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ buwọ́ lù ú, òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yan aláàbọ̀ ara ní odì, iléeṣẹ́ tó bá sì rú u máa san ₦1,000,000. Mi ò ka òfin kankan fún un, mo kàn ní kó lọ pe ọ̀gá ẹ̀ wá, ọ̀gá wá, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun, mo sáìnì ní ọwọ́ òsì, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ọmọ jẹ́léósinmi, òun náà nìyẹn.

Ohun tí mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe é ni ọwọ́ tí kò sí yẹn. Ó ṣì ń dùn mí. Alẹ́ ló máa ń wá jù, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo di ìkúùkù, mo di í le, èékánná ń wọnú àtẹ́lẹwọ́, mi ò sì lè tú u torí kò sí ohun tí mo fẹ́ tú. Àǹtí mi kan ní àwọn kan ló so ó mọ́lẹ̀ níbì kan. Òmíràn ní bóyá wọn ò sin apá yẹn dáadáa. Fisió mi ní kò sẹ́ni tó so nǹkan kan, ọpọlọ ni kò tíì pa ọwọ́ yẹn rẹ́ nínú ìwé ẹ̀, ó ṣì ń ránṣẹ́ sí i, kò sì gbọ́ èsì. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, pé dókítà Amẹ́ríkà kan, Silas Weir Mitchell, tó tọ́jú àwọn sójà ogun abẹ́lé wọn, ló sọ ọ́ ní phantom limb ní 1871, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ti lọ tó ṣì ń ṣe èèyàn bíi pé ó wà.

Ó wá kọ́ mi ní ti dígí. Onímọ̀ nípa ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Ramachandran ló gbé e jáde láwọn ọdún 1990, kò sì ná èèyàn ju owó dígí lọ. Mo máa gbé dígí sáàárín àyà mi kó kọjú sí òsì, mo máa wo inú ẹ̀, ọwọ́ òsì mi tó wà níbẹ̀ á dà bí ọ̀tún. Mo máa di ìkúùkù, mo máa wá tú u díẹ̀díẹ̀, ìka kan, ìka kejì. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, èmi náà kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́ fún mi, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá ṣiṣẹ́ mo máa ń gbọ́ bí ìka tí mi ò ní ṣe ń là. Ọmọ mi kékeré bá mi níbẹ̀ lánàá, ó wo inú dígí, ó ní Mọ́mì, ó ti padà. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ní lọ múra ilé kéwú.

Ọwọ́ àtọwọ́dá, mo ti lọ bèèrè ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì. Èyí tó jẹ́ ẹwà lásán wà, èyí tó ní okùn tí èèyàn ń fi èjìká fà wà, oníná tó ń gba àṣẹ lára iṣan náà wà, ẹ má bi mí léèrè iye ìyẹn. Torí pé òkè ìgunpá ni wọ́n ti gé tèmi, ìgunpá náà ni wọ́n máa ṣe, ìyẹn ló mú un le. Mo ṣì ń rò ó. Ooru ibi tá a wà yìí, kéèyàn máa gbé nǹkan yẹn kọ́rùn láti àárọ̀... mo ṣì ń rò ó.

Èyí tí mi ò rò púpọ̀ ni aṣọ ẹgbẹ́. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ti mú léèsì fún Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, mo sì ń lọ. Télọ̀ fi fóònù ránṣẹ́ ohùn sí mi lálẹ́ yìí, ó kọ́kọ́ kí mi, ó kí Màmi, ó kí àwọn ọmọ, ó bèèrè iná mànàmáná, ó wá ní ẹ̀hn, Àǹtí, ti apá yẹn ńkọ́? Ó ní òun lè rán an gùn kóun fi fóòmù sínú ẹ̀ kó kún, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀. Ta ni ò ní í mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Mo ti dá a lóhùn. Kó rán ti òsì dé ọrùn ọwọ́, kó gé ti ọ̀tún síbi tí apá mi dé gẹ́lẹ́, kó yí etí ẹ̀ kó mọ́, kó má fi fóòmù kankan sí i. Mo sì ní kó yọ owó apá kan kúrò nínú owó iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní Àǹtí, aṣọ kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni. Mo ní apá ló lọ o, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mo ṣì jẹ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, a ṣì ń ná an.