Ẹ yí ọ̀rá bisikíìtì yẹn sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó sanwó

Àtàwa tá a ń ra nǹkan ní Tánkè n'Ílọrin o, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀fà, iwájú ọ̀rá ni gbogbo wa máa ń wò. Mílíìkì ń ṣàn, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ fítámì gàdàgbà síbẹ̀, ó tán, a ti sanwó. Ẹ̀yìn gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí ohun tó bá tẹ̀wọ̀n jù nínú ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ, èyí tó kéré jù á gbẹ̀yìn.

Mo yí kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn sẹ́yìn (orúkọ ẹ̀ ò kàn wá): ìyẹ̀fun, ṣúgà, òróró ọ̀pẹ, glucose syrup, iyọ̀, ẹ̀yìn iyọ̀ ni mílíìkì wá wà! Mílíìkì tí ò tó iyọ̀, mílíìkì wo nìyẹn jàre? Glucose syrup yẹn náà, ṣúgà ni, dextrose tẹ́ ẹ bá rí, ṣúgà ni, tí wọ́n bá pín in sí orúkọ méjì mẹ́ta báyìí ìyẹ̀fun á sì máa ṣíwájú, a ò ní fura.

Nọ́ńbà iye èròjà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀rá ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ fún 30 giráàmù, ọ̀rá fúnra ẹ̀ wá jẹ́ 60, ta ló fẹ́ jẹ ìdajì kó wá di ẹnu ọ̀rá pa? Sodium, èròjà tó wà nínú iyọ̀, 240 mílígíráàmù tí mo rí níbẹ̀ ti di 480 nìyẹn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.5 kẹ́ ẹ mọ iye iyọ̀, 1.2 giráàmù, bẹ́ẹ̀ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí àgbàlagbà má jẹ iyọ̀ tó giráàmù 5 lójúmọ́, ọbẹ̀ ò sì tíì wọlé o.

Àwọn nọ́ńbà tó ní E níwájú, èròjà àfikún ni wọ́n. Àwọn èèyàn á máa sá fún E621, àjínómótò tí wọ́n ń dà sọ́bẹ̀ nílé náà ni. E102, àwọ̀ yẹ́lò, ìyẹn ni mo máa ń yẹra fún tó bá jẹ́ tọmọdé, láti 2010 ni Yúróòpù ti ní kí wọ́n máa kọ ìkìlọ̀ sára ohun tó bá wà nínú ẹ̀ pé ó lè ṣàkóbá fún ìṣesí ọmọ àti bó ṣe ń fọkàn sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ṣúgà àtiyọ̀ ló ká mi lára jù, àwọn ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má wá sọ pé kí n máa jẹ ìpékeré ẹ̀bá títì o, èmi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ti ń fi òróró yẹn dín nǹkan. Ẹ̀pà yíyan inú ìgò ni mo ń rà, ẹ̀pà àtiyọ̀ díẹ̀, bó tiẹ̀ ti gbówó lórí báyìí.