Wàrà Ìsánlú ní Ilé Ìdáná Leeds

Ní Ìsánlú tí wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Yàgbà, ọjọ́ ọjà ni à ń jẹ wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní a gbé e wá láti gáà nínú igbá ńlá, ìyá mi a rà á, a sì dín in nínú òróró tàbí kí ó gé e sínú ẹ̀fọ́. Ní gbogbo ọdún méjìdínlógún tí mo fi gbé ilé bàbá mi, n kò bi ẹnikẹ́ni rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìgbà tí mo dé Leeds, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wàrà ń wù mí jẹ tí n kò rí i rà, ni àìbéèrè yẹn tó dùn mí.

Mílíìkì inú páálí, irú èyí tó máa ń pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, ni mo kọ́kọ́ lò, mo sì da fínígà sí i. Ohun tó jáde rí bí ògì tó ṣù, òórùn fínígà sì lé àwọn ọmọ mi kúrò ní ilé ìdáná. Nísinsìnyí, mílíìkì tútù tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀ ni mo ń rà, lítà 4 lẹ́ẹ̀kan. N óo gbé e kaná díẹ̀díẹ̀, n óo máa rò ó kí ìdí rẹ̀ má baà jóná, títí yóò fi gbóná tó ìwọ̀n 90 lórí tẹmómítà. Lẹ́yìn náà ni n óo sọ ọ́ kalẹ̀, n óo fún lẹ́mọ́ọ̀nù mẹ́ta sí i, n kò sì ní fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá ti dì, tí omi rẹ̀ sì yà kúrò, n óo dà á sínú aṣọ funfun, n óo fi iyọ̀ sí i, n óo sì gbé ìkòkò omi lé e fún wákàtí kan. Gbogbo wàhálà yìí kì í mú ju bí ìlàjì kílò lọ. Ṣùgbọ́n kì í yọ́ nínú òróró gbígbóná bíi ti àwọn Òyìnbó. Ó máa ń pọ́n ni, bíi ti ilé. Omi rẹ̀ ni mo fi ń se ìrẹsì. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n máa dà á sí ìdí tòmátì, mo kọ̀: omi kíkan kì í ṣe ajílẹ̀.

Tòmátì náà wà lórí ilẹ̀ kékeré tí a ń yá lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, mítà 25 ní gígùn, mítà 5 ní fífẹ̀. Ní Ìsánlú, òjò ni àgbẹ̀ ń wò. Bí ó bá ti rọ̀ dáadáa ní oṣù kẹrin, ẹni tó gbin tẹ̀tẹ̀ yóò já a kí oṣù karùn-ún tó parí. Níbí, òjò kò wọ́n wa, òtútù ni ọ̀tá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé inú ilé ni mo ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí ní oṣù kẹrin, n kì í sì í gbé e lọ sóko títí di oṣù kẹfà, nítorí pé ìrì dídì lè bọ́ ní àárín oṣù karùn-ún kí ó pa gbogbo rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Bí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bá wá ń tó wákàtí 17, á máa ga bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ilá ni kò gbà fún mi. Ọdún mẹ́ta ni mo gbìn ín síta, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Nígbà òtútù, kéèlì ló kù, ewé líle tí mo ń bọ̀ dáadáa kí n tó fi ìrú àti wàrà sè é.

Ọmọbìnrin mi àgbà, tó ti mọ àsìkò ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan, bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Màmá, oṣù wo ni ti wàrà?” Mo fẹ́ sọ pé kò ní oṣù, kí n tó rántí pé ó ní. Nílé, ìgbà òjò tí koríko tútù pọ̀ ni mílíìkì ń pọ̀; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, wàrà á kéré, á sì wọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí a lọ sílé ní oṣù kẹjọ, mo kó àwọn ọmọ lọ sí gáà. Ìyá mi tẹ̀ lé wa. Òun náà kò débẹ̀ rí, bí ó ti ń ra wàrà tó láti ìgbà ọmọge. Obìnrin tó gbà wá lálejò gún ewé bomubọ́mú, ó fún omi rẹ̀ sínú mílíìkì lórí iná tí kò le, ìka rẹ̀ ló sì fi ń wo bí ó ti gbóná tó. Nígbà tí mo yọ tẹmómítà, ó ní, “Ìyá Ìlú Ọba, ṣé ara mílíìkì ò yá ni?” Àwọn ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín.

Mo ra mílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe tèmi ní ilé ìdáná ìyá mi. Ìyá mi jẹ ẹ́, ó ní ó dára, pé ó kàn kan díẹ̀ ni. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ obìnrin gáà ló ti ra wàrà.